Sollecito Mẹ́ta àti Fírísà Ìyàwó Mi

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni fírísà ìyàwó mi kú, ó sì ku ọjọ́ mẹ́wàá péré kí ààwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀. Kò kú díẹ̀díẹ̀. Ó kígbe lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó gbọ̀n, ó sì dákẹ́. Ìyàwó mi gbé etí lé e, ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún gbé etí lé e. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi níbi tí mo jókòó sí lórí àpò ìrẹsì, tí mo ń ka ìwé ìròyìn àná.

"Dádì, ẹ dìde. Ẹja wà nínú ẹ̀."

Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ni ìyàwó mi ní ní Torino, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Porta Palazzo. Gààrí, èlùbọ́, epo pupa, iṣu, gbogbo ìyẹn kò nílò iná. Ṣùgbọ́n fírísà ló ń bọ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn: ẹja títùs, pọ̀nmọ́, ẹsẹ̀ màlúù, ẹran ewúrẹ́ gígé. Nígbà ààwẹ̀, àwọn èèyàn wa máa ń wá láti Torino títí dé Novara láti ra ẹja tí wọ́n máa fi ṣínu, ohun tó bá sì pa lóṣù yẹn ló fi ń san owó ilé ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mẹ́ta. Bí kò bá sí fírísà kí ààwẹ̀ tó wọlé, ọjà ọdún ti lọ nìyẹn. Ará Morocco alápatà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fún wa láyè nínú fírísà tirẹ̀, ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré ni o, torí òun náà ń retí ẹran.

Fírísà tuntun tó tóbi wọ́n ju ohun tó wà lọ́wọ́ wa lọ. Ìyàwó mi ní ká rà á ní rate, ìyẹn ni ká máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe ní Italy. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń yáni lówó kì í fẹ́ràn ṣọ́ọ̀bù kékeré. Ẹni tí owó rẹ̀ ń wọlé lóṣù ni wọ́n ń wá. Èmi sì ni ẹni náà. Mo ti fi ọdún méjìlélógún ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe páìpù ní Padova, owó ìfẹ̀yìntì mi kì í sì í pẹ́ dé. Mo wọ kóòtù, mo de táì. Inú mi dùn pé wọ́n tún rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi mí ṣe yàtọ̀ sí gbígbé àpò gààrí.

Ọkùnrin tó dá wa lóhùn ní ilé ìtajà náà yá mọ́ èèyàn. Ó gba ìwé mi, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bi ìyàwó mi bóyá funfun ló fẹ́ àbí aláwọ̀ fàdákà. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀. Ó tún nọ́ńbà náà tẹ̀. Ó wò mí, ó wo táì mi, ó tún wo kọ̀ǹpútà.

"Signore," ó rẹ ohùn sílẹ̀, "finanziaria ti kọ̀. Orúkọ yín wà láàárín àwọn cattivi pagatori."

Mo ní kó tún un sọ. Ó fi sùúrù ṣàlàyé. Bí èèyàn bá yá owó lọ́wọ́ finanziaria, ìyẹn ilé ìyánilówó kan, tí kò san rate méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ kan tí gbogbo báǹkì àti gbogbo ilé ìyánilówó jọ ń wò. Ẹni tó bá ti wà níbẹ̀, wọn kì í tà á láwìn mọ́, ìbáà ṣe fáànù. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí mo jẹ àti ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Ó kàn rí i pé ilẹ̀kùn ti tì ni.

Ìyàwó mi kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Italian, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó mọ̀ dáadáa, torí òun ni àwọn ọmọ-ọmọ wa máa ń sọ sí i bó bá gba ṣokoléètì lọ́wọ́ wọn.

"Cattivo?" ó ní. "Ta ló ń pè ní ẹni burúkú?"

"Èmi ni."

"Kí lẹ ṣe?"

"Mi ò mọ̀."

"Àwọn ọmọ tó ń pe èmi ní cattiva, mo máa ń mọ ohun tí mo ṣe."

A wọ tram padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé àpò rẹ̀ lé itan, ó ń ka ibùdókọ̀ bí a ṣe ń kọjá wọn. Ní ìkarùn-ún ló tó lanu.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé ẹ ní ìyàwó kan sí Padova ni?"

"Ìyàwó kẹ̀?"

"Wọ́n ní ẹ yá owó. Mi ò rí owó. Mi ò rí aṣọ. Mi ò rí mọ́tò. Ta lẹ fi owó náà ṣe?"

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Owó kan ṣoṣo ni mo yá rí ní Italy, ojú mi ọ̀tún ni mo sì fi ṣe.

Ní ọdún tó kẹ́yìn iṣẹ́ mi ní Padova ni nǹkan funfun kan bo ẹyinjú yẹn, cataratta ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Èrò tó ń dúró ní ilé ìwòsàn ìjọba pọ̀, wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọdún kan ó lé. Mo wo ìlà èrò náà, ìdajì rẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo gba ilé ìwòsàn aládàáni lọ. Wọ́n ní kí n má dààmú, finanziaria kan máa san án, èmi á sì máa san án fún finanziaria ní rate méjìlá láti inú àkáǹtì mi. Mo fọwọ́ sí ibi méje nínú ìwé náà, mi ò sì rí ọ̀kankan nínú wọn dáadáa, torí ojú tí mo fẹ́ tún ṣe ni ǹ bá fi kà á.

Wọ́n ṣe ojú náà, ó mọ́lẹ̀ rekete. Dókítà gbá mi léjìká, ó ní, "Tutto a posto!" Gbogbo ẹ̀ ti wà létòlétò. Mo gbà pé gbogbo ẹ̀ náà ló ń sọ lóòótọ́. Lẹ́yìn rate kẹsàn-án ni mo fẹ̀yìn tì, èmi àti ìyàwó mi kó wá sí Torino kí a lè sún mọ́ ọmọ wa obìnrin, mo sì pa àkáǹtì Padova dé. Ó ṣẹ́ ku rate mẹ́ta. Mo gbàgbé wọn pátápátá, bí èèyàn ṣe máa ń gbàgbé agboòrùn sílé tó kó kúrò.

Wọ́n kò gbàgbé mi. Lẹ́tà àkọ́kọ́ bá mi ní Torino. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gentile Signore, mo sì rántí pé nínú ọdún méjìlélógún ní ilé iṣẹ́ páìpù, kò sẹ́ni tó pè mí ní ẹni jẹ́jẹ́ rí. Lábẹ́ ìyẹn, wọ́n fi lẹ́tà dúdú kọ ọ́: PRIMO SOLLECITO.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ yunifásítì díẹ̀. Mo lọ síbẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò pọ̀, tí wọ́n ń bá wa fọ aṣọ ìbùsùn, tí wọ́n ń fún wa ní adìyẹ lọ́jọ́ Sunday, tí ẹni tó bá ti wọ gáùn dúdú yẹn ti gbà pé ayé kò ní le fún òun mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń rántí jù: èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi lórí koríko níwájú ilé ìkàwé, tí a ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo títí agogo oúnjẹ á fi dún. Púpọ̀ nínú wọn ti lọ. Wọ́n ní ibi tí koríko yẹn wà, mọ́tò ni wọ́n ń páàkì síbẹ̀ báyìí. Òyìnbó arúgbó kan ló kọ́ wa ní Látìnì. Ó máa ń fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún nínú oòrùn, ó sì sọ fún wa pé ẹni tó bá gbọ́ Látìnì kò lè sọnù ní Yúróòpù. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ ju bí mo ṣe gba ti ìyá mi gbọ́ lọ. Nígbà tí mo dé Padova, tí mo rí i pé panis ti Látìnì ni wọ́n ń pè ní pane, tí búrẹ́dì sì ni méjèèjì, mo ní bàbá yẹn kò parọ́.

Báyìí ni mo ṣe jókòó ti lẹ́tà náà. Sollicitus ní Látìnì: ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nítorí ẹlòmíràn. Solicitous ní Gẹ̀ẹ́sì: ẹni tó ń ṣàníyàn nípa rẹ. Primo sollecito, nígbà náà: Ìbéèrè Àlàáfíà Kìíní. Àwọn tó ṣètò ojú mi ń béèrè àlàáfíà mi! Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi, àti èyí tí wọ́n tún ṣe àti èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn.

Ẹ ó ní ṣé mi ò rí owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni. Mo rí i. Bollettino wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, ìwé pélébé tí èèyàn fi ń sanwó ní posta, ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní Italy, lẹ́tà wo ni kì í ní bollettino? Àwọn tó ń tọ́jú ọmọ aláìníbàbá, àwọn tó ń gba ajá sílẹ̀, àwọn tó ń tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, gbogbo wọn ló ń kọ ọ̀rọ̀ dídùn síni, tí wọ́n á wá so bollettino mọ́ ọn nísàlẹ̀. Mo ní ìtọrẹ àánú ni àwọn yìí náà ń wá. Ohun tó kàn yà mí lẹ́nu ni pé ọgọ́sàn-án euro ó lé mẹ́fà ni wọ́n ń tọrọ. Ta ló ń tọrọ àánú tó fi ń lé mẹ́fà? Mo ya bollettino náà sọ́tọ̀, mo sì fi sàráà tèmi sínú àpótí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ti ìdúpẹ́ ló kù. Nílé wa, bí ara èèyàn kò bá yá, tí ẹnìkan sì béèrè rẹ̀, tó bá ti gbádùn, ó gbọ́dọ̀ padà lọ dúpẹ́. Ẹni tí kò bá lọ, wọ́n á máa sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà mo mú bíìrò, mo kọ̀wé ní Italian: mo ní mo rí sollecito wọn gbà, inú mi dùn gidigidi, ojú mi ti yá, mo ń rí nọ́ńbà bọ́ọ̀sì láti òkèèrè, kí wọ́n bá mi kí dókítà, kí wọ́n kí gbogbo ilé wọn, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣàìsàn.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, secondo sollecito dé. Lẹ́tà tirẹ̀ tún dúdú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo kà á fún ìyàwó mi.

"Wọ́n tún béèrè yín?" ó ní. "Àwọn èèyàn yìí mà láájò o. Àwọn àbúrò yín nílé ò pè yín lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ̀rù ń bà wọ́n nítorí mi ni."

"Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní ìyàwó yín ní wọ́n kú aájò yín."

Mo bá a kí wọn. Nígbà tí ultimo sollecito dé, ó dùn mí díẹ̀. Ìgbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n mo ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ara mi ti yá, àwọn aláìsàn mìíràn ń dúró dè wọ́n. Mo kọ lẹ́tà ìdágbére tó gùn.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan pè mí lórí fóònù. Ó ní ufficio recupero ni òun ti ń pè. Recupero! Recuperate! Ọ́fíìsì tó ń tọpa ìlera!

"Recupero mi lọ dáadáa, signora," mo ní. "Ó ti parí."

Mo gbọ́ tí obìnrin náà ń tẹ kọ̀ǹpútà. "Ó ti parí? Ẹ ti ṣe é?"

"Tipẹ́tipẹ́. Dókítà fúnra rẹ̀ ní tutto a posto."

"Kò hàn lọ́dọ̀ wa níbí, signore."

"Kò lè hàn lórí fóònù. Ẹ wá sílé kí ẹ wá wò ó fúnra yín. Ìyàwó mi á se ìrẹsì."

Mo gbọ́ tó ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Ó ní òun á kọ ọ́ sílẹ̀. N kò gbúròó wọn mọ́, ó sì tó ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn kí fírísà tó kú.

Gbogbo lẹ́tà náà ni mo tọ́jú sí ṣọ́ọ̀bù, sínú àpòòwé kan tí mo kọ Àwọn Tó Bìkítà sí lára. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ nínú tram lọ́jọ́ náà, a ránṣẹ́ pe ọmọ wa obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé oògùn tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó dé pẹ̀lú kóòtù funfun rẹ̀, mo sì gbé àpòòwé náà fún un. Yorùbá ni a ń bá a sọ, Italian ló fi ń dá wa lóhùn láti kékeré. Ó ka ti àkọ́kọ́. Ó ka ìkejì. Nígbà tó dé ìkẹta, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ẹ̀wà.

"Papà," ó ní. "Papà, no. Sollecito vuol dire: paga!"

"Paga?" Ọ̀rọ̀ yẹn, ìyàwó mi mọ̀ ọ́n, ó ń sọ ọ́ fún oníbàárà lójoojúmọ́. "Pé kí Dádì sanwó?"

"Primo: paga. Secondo: paga! Ultimo: paga, sennò..." Ọmọ mi fa ìka kọjá lọ́rùn.

"Recupero ńkọ́?" mo béèrè, ohùn mi ti rẹlẹ̀.

"Recupero crediti, papà." Ó wá wò mí pẹ̀lú àánú, ó sì sọ Yorùbá kan tó mọ̀: "Agbowó gbèsè."

Ìyàwó mi jókòó sórí àpò ìrẹsì tèmi. "Èmi tí mo ní kí ẹ bá mi kí wọn!"

"Mo bá ọ kí wọn."

"Ṣé ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀?"

"Rárá. Mo kàn kọ ìyàwó mi."

"A dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀."

Mo pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà ìgbẹ̀yìn. Bí mo ṣe sọ orúkọ mi tán, obìnrin tó gbé e kígbe, "Il signore dell'occhio!" Ọ̀gbẹ́ni olójú! Òun gan-an ló pè mí nígbà yẹn. Ó ní àwọn lẹ́tà mi wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọfí wọn; bí àwọn onígbèsè bá ti bú wọn láti àárọ̀, ẹnìkan á dìde lọ ka ọ̀kan. Ó ní nínú gbogbo ẹni tí àwọn kọ̀wé sí, èmi nìkan ló gbàdúrà fún àwọn.

"Ẹ rí i pé kò yé mi, signora, ẹ ò sì sọ fún mi?"

Ó ní, "Mo rò pé ẹ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni, signore. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀."

Ó bá mi yọ díẹ̀ kúrò nínú owó ìtanràn tí wọ́n fi lé gbèsè náà. Mo san án ní posta lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó sì fi liberatoria ránṣẹ́, ìwé tó ní mi ò jẹ gbèsè mọ́. Mo mú un sáré lọ bá ọkùnrin ilé ìtajà. Ó kà á, ó sì mi orí. Gbígba tí wọ́n gba owó kò pa orúkọ mi rẹ́, ó di ọdún méjì kí ó tó kúrò nínú àkọsílẹ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà kì í tètè dárí jini.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà. Ará Morocco ti ń wo ẹja wa bí ẹni ń wo àlejò tó pẹ́ jù.

Ìyàwó mi wà nínú àjọ kan pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́sàn-án, ìyá kan tó ní ilé ìdirun ní Novara ni alájọ. Oṣù mẹ́rin ṣì wà kó tó kàn án. Ó pè é níṣojú mi, ó sì tan ohùn fóònù náà síta, bóyá kí n lè gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí n kó ti oṣù yìí. Fírísà mi ti kú."

"Tíṣà ò lè rà á fún ẹ ní rate?" Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè mí, nítorí ìwé tí mo kà.

"Wọ́n ní orúkọ Tíṣà ò dáa nínú kọ̀ǹpútà."

"Háà! Kí ni wọ́n ṣe?"

Ìyàwó mi sọ ọ́ fún un látòkè délẹ̀, kò fo sollecito kankan. Ohun tó jáde nínú fóònù náà kọ́kọ́ jọ ẹkún. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń sọ fún àwọn oníbàárà tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àwọn náà sì bú sẹ́rìn-ín.

"Tìẹ dáa lọ́dọ̀ wa," ó ní nígbà tó rí èémí gbà. "Ọdún méjì, o ò fi owó falẹ̀ rí. Kó o. Ilé oúnjẹ kan tó ń kógbá sílé níbí gan-an ní fírísà ńlá tí wọ́n fẹ́ tà. Ṣùgbọ́n mo bẹ Tíṣà o, kí wọ́n má kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí mi. Bí mo bá rí lẹ́tà wọn pẹ́nrẹ́n, màá gba owó mi padà."

"Mo gbọ́," ni mo ní láti orí àpò ìrẹsì.

Fírísà náà dé láti Novara nínú ọkọ̀ akẹ́rù nígbà tó ku ọjọ́ méjì. Wọ́n so ó mọ́ iná, ó kùn. Ìyàwó mi gbé etí lé e, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Èmi ni mo kó ẹja náà láti ọ̀dọ̀ ará Morocco, páálí mọ́kànlá, pẹ̀lú ẹ̀yìn mi yìí. Ní gbogbo ààwẹ̀ yẹn, kò sí oníbàárà tó wọlé tí kò béèrè, "Tíṣà, recupero ńkọ́?" Mo máa ń dáhùn pé a dúpẹ́.

Ọdún méjì náà pé. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni àkọsílẹ̀ náà, mo béèrè bóyá orúkọ mi ti kúrò níbẹ̀, èsì sì dé. Mo kà á lórí àpò ìrẹsì. Gbogbo rẹ̀ yé mi: kò sí ohunkóhun mọ́ lórí orúkọ mi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló bí mi nínú. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ ń pè mí ní Gentile. Àwọn yìí pè mí ní Egregio. Egregious ní Gẹ̀ẹ́sì: ẹni tí ìwà burúkú rẹ̀ yọ ju ti gbogbo èèyàn lọ. Mo ti san gbèsè, mo ti fara da ẹ̀sín ọdún méjì, wọ́n ṣì ń bú mi nínú ìwé tí wọ́n fi dá mi láre! Mo wá bíìrò.

Ìyàwó mi kò gbé orí sókè nínú fírísà. "Dádì, ẹ fi bíìrò yẹn sílẹ̀. Ẹ gbé e lọ fún ọmọ yín kó kà á."

Mo rìn dé ilé oògùn. Ọmọ mi kà á láàárín àwọn oníbàárà, ó fi ẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni, ẹni àpọ́nlé ni wọ́n pè mí. Ojú ọ̀nà ni mo ti wá rántí: e grege ní Látìnì, ẹni tó yọ láàárín agbo. Bàbá oníbọ̀sẹ̀ gígùn kò parọ́. Èmi ni mo gba ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá. Ó wù mí kí n rí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ mi orí koríko yẹn kí n sọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n ìyàwó mi nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù.

"Kí ni wọ́n pè yín?" ó béèrè.

"Ẹni àpọ́nlé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níwájú fírísà. "Ẹni àpọ́nlé, ẹ bá mi gbé páálí títùs yẹn wá."